Ìdákẹ́rọ́rọ́ Àwọn Ìlú Inú Òkè: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Ilẹ̀ Ìgbómìnà

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi ọjà àti iṣẹ́ ọ̀sán Sátidé sílẹ̀ wá gbọ́ ìtàn, ẹ ṣeun gan-an ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó jókòó síbí, Ìlọrin là ń gbé, Ìlọrin la ti ń jẹun. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi wá pé ọmọ ibo ni wá, orúkọ ìlú kékeré kan ní Ìfẹ́lódùn, ní Ìrẹ́pọ̀dùn tàbí ní Ìsin la máa dá, ìlú tó jẹ́ pé kí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tó yọjú lójú fèrèsé, ọkọ̀ ti kọjá rẹ̀. Irú ìlú bẹ́ẹ̀, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà ní ìpínlẹ̀ Kwara, ni mo bá ọ̀rọ̀ wá.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò. Ó ti pẹ́ tí àwa ọmọ ìlú fúnra wa ti ń sọ pé, "Ìlú wa dákẹ́ jù, kò sí nǹkan kan níbẹ̀." Èmi kò gbà. Ìdákẹ́rọ́rọ́ yẹn, àwọn baba ńlá wa wá a kiri fún àádọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n gun òkè nítorí rẹ̀, wọ́n fi ilé àti oko sílẹ̀ nítorí rẹ̀, àwọn kan kú kí wọ́n tó rí i. Ohun tí ènìyàn fi ẹ̀mí wá, kì í ṣe òfo.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ilẹ̀ náà ṣe rí. Bí ẹ bá kúrò ní Ìlọrin, tí ẹ gba Àjàṣẹ́-Ìpó lọ sí Òmù-Àrán, tàbí tí ẹ yà gba Ìdófìán lọ sí Ìgbàjà, Òkè-Odè àti Òró-Àgọ́, ẹ ó rí i pé ilẹ̀ kò tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́. Igi èmí àti igi igbá ló kọ́kọ́ máa pọ̀ lójú ọ̀nà. Bí a bá ń lọ sí ìhà gúúsù, ọ̀pẹ àti obì á bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí i. Òkè á wá máa yọ lọ́tùn-ún lósì, òmíràn àpáta gbalaja tí koríko kankan kò hù lórí rẹ̀, òmíràn igbó ló bò ó dé orí. Ní Ọ̀wá-Kájọlà, omi Òwú ń já láti orí àpáta wá sínú adágún tó wà nísàlẹ̀. Wọ́n kọ gíga rẹ̀ sílẹ̀ pé ó tó 330 ẹsẹ̀ bàtà, nǹkan bí 100 mítà. Lásìkò òjò, ẹ ó ti gbọ́ ohùn rẹ̀ kí ẹ tó fojú kàn án, omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì tutù débi pé ẹni tó bá kọ́kọ́ ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ á yára yọ ọ́. Ibi tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà ní ilẹ̀ Yorùbá kò pọ̀. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọmọ Ìlọrin ti rí fọ́tò omi òkè òkun lórí fóònù wọn, wọn kò sì tíì rí Òwú rí.

Èsìẹ́ ni mo fẹ́ dúró lé lórí pẹ́ díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ìtàn ilẹ̀ yìí ti jinlẹ̀ jù lọ. Ìlú kékeré ni, kò jìnnà sí Òrò àti Òmù-Àrán. Nínú igbó kan tí kò jìnnà sí ìlú ni wọ́n ti bá àwọn ère òkúta tó lé ní 1,000. Òkúta tó rọ̀, tó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ, ni wọ́n fi gbẹ́ wọn. Ọkùnrin wà níbẹ̀, obìnrin wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn jókòó lórí àpótí, àwọn kan kúnlẹ̀. Àwọn kan mú àdá tàbí idà lọ́wọ́, àwọn kan gbé ọfà, obìnrin sì wà nínú àwọn tó mú àdá. Irun orí wọn ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù: ó ga, ó ní ìpele, a pín in sí ọ̀nà oríṣiríṣi. Ilà wà lójú wọn, ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn wọn. Àwọn mìíràn kéré débi tí ọmọdé lè gbé wọn, èyí tó ga jù lọ lé díẹ̀ ní mítà 1, òun náà ni wọ́n ń pè ní ọba wọn. Ní gbogbo Áfíríkà tó wà nísàlẹ̀ aginjù Sàhárà, kò sí ibi tí a ti rí ère òkúta tó pọ̀ tó báyìí lójú kan.

Ta ló gbẹ́ wọn? Ìbéèrè yìí ni gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ bi. Ìdánwò tí àwọn onímọ̀ ṣe lórí ohun amọ̀ tí wọ́n bá láàárín àwọn ère náà tọ́ka sí nǹkan bí ọdún 1100. Ìyẹn ni pé nǹkan bí 900 ọdún sẹ́yìn, àwọn ènìyàn wà ní ilẹ̀ yìí tí wọ́n ní ọba, tí wọ́n ní ọmọ ogun, tí wọ́n ní ojúlówó oníṣẹ́ ọnà tí ọwọ́ rẹ̀ dá. A rí irú òkúta bẹ́ẹ̀ ní Ìjárá náà, èyí tó fi hàn pé kì í ṣe ìlú kan péré ló mọ iṣẹ́ ọ̀hún.

Ohun tó wú mi lórí jù ni ìdáhùn àwọn ará Èsìẹ́ fúnra wọn. Wọn kò sọ rí pé àwọn baba wọn ló gbẹ́ ẹ. Wọ́n ní, "A bá a níbẹ̀ ni." Ìtàn ìlú sọ pé ọdẹ kan tí ń jẹ́ Baragbọ́n ló kọ́kọ́ rí wọn nínú igbó, ní nǹkan bí ọdún 1775. Ìtàn náà tún sọ pé àlejò ni wọ́n nígbà kan rí, ènìyàn ẹlẹ́ran ara, kí wọ́n tó di òkúta. Ẹ ro ọ̀rọ̀ yìí wò, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ìlú mélòó ni yóò rí ohun iyebíye tó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ nínú igbó rẹ̀, tí kò ní sọ pé tòun ni láti ìṣẹ̀dálẹ̀? Wọ́n fi òtítọ́ pa ìtàn náà mọ́. Wọ́n ń bọ wọ́n, wọ́n ń ṣe ọdún wọn lọ́dọọdún, àwọn tó ń wá ọmọ lọ ń tọrọ níbẹ̀. Wọ́n fi sùúrù tọ́jú ohun àlejò láti ìran dé ìran.

Ọdún 1933 ni olùbẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ kan láti CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, Ramshaw, dé ibẹ̀, tó sì ròyìn fún ìjọba. Láti ìgbà yẹn ni ìròyìn wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀ láàárín àwọn òyìnbó. Nígbà tó di 1945, wọ́n kọ́ ilé fún wọn, ilé yẹn sì ni ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn kọjá létí yín bẹ́ẹ̀. Ti Jọ́ọ̀sì kò dé títí di 1952. Ti Èkó kò dé títí di 1957. Ìlú kékeré inú ilẹ̀ Ìgbómìnà ló kọ́kọ́ ní in. Ọ̀pọ̀ ère náà ni orí wọn ti kán kí wọ́n tó dé abẹ́ òrùlé, àwọn kan sì ti di àwátì. Nígbà tó yá, wọ́n kà wọ́n, wọ́n ya fọ́tò wọn, wọ́n sì to àwọn tó fọ́ pọ̀. Ilé náà ṣì wà níbẹ̀ dòní, ẹnikẹ́ni lè wọ̀ ọ́.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a bọ́ sí ọ̀rọ̀ òkè. Mo mọ̀ pé Ìlọrin ni mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, mo sì mọ̀ pé ọmọ Ìlọrin gidi wà láàárín wa. Ìtàn ni mo ń sọ, n kò fi bú ẹnikẹ́ni.

Láti ìgbà tí Àfọ̀njá ti kú ní nǹkan bí 1824, tí Ìlọrin di ibùjókòó Ẹ́mírì, tí Ọ̀yọ́-Ilé sì tú lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, àárín ìlú ńlá méjì ni ilẹ̀ Ìgbómìnà bọ́ sí. Ìlọrin ń ti àríwá bọ̀, Ìbàdàn ń ti gúúsù bọ̀. Ìlú tó bá tẹríba fún èyí, ọ̀hún á gbógun tì í. Ajẹ́lẹ̀ Ìlọrin, ìyẹn aṣojú tí wọ́n fi sí ìlú tó wà lábẹ́ wọn, ń gba ìṣákọ́lẹ̀ níbì kan, ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ń gbà á níbòmíràn, ìlú mìíràn sì wà tó rí àwọn méjèèjì láàárín ìran kan. Àwọn Nupe náà ń ti ìhà odò Ọya wá kó ẹrú. Ẹni tó bá lọ sóko kò mọ̀ bóyá òun yóò padà wálé.

Kí ni àwọn ènìyàn wa ṣe? Wọ́n wo òkè. Agbára ogun Ìlọrin wà lórí ẹṣin, ẹṣin kò sì lè sáré gun àpáta. Ẹni tó wà lókè á ti rí eruku ogun láti ọ̀nà jíjìn, á ti lu ìlù, àwọn obìnrin àti ọmọdé á ti wọ inú ihò. Òkúta wà níbẹ̀ tí wọ́n lè yí lulẹ̀, ọ̀nà àtigun òkè kì í ju ọ̀kan tàbí méjì lọ, ọdẹ díẹ̀ sì tó láti ṣọ́ ọ. Kì í ṣe Ìgbómìnà nìkan ló ṣe bẹ́ẹ̀. Òkè Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí, orí òkè ni Ìdànrè gbé títí di ọ̀rúndún ogún.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ayé orí òkè dùn. Omi ni ìṣòro àkọ́kọ́. Kòtò inú àpáta máa ń gba omi òjò, ṣùgbọ́n ó máa ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn obìnrin á wá máa sọ̀ kalẹ̀ lọ pọnmi ní ìsun, níbi tí àwọn ajínigbé ti lè lúgọ. Ìsàlẹ̀ ni oko wà. Nítorí náà, àwọn ọkùnrin kan ń ro oko, àwọn kan ń fi ọfà àti ìbọn ṣọ́ wọn. Abúlé tí kò bára tan tẹ́lẹ̀ wá di ọ̀kan ṣoṣo lórí òkè, nítorí pé abúlé kan kò lè dá ṣọ́ ara rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ àdúgbò wa ti ṣẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá dé ìlú Ìgbómìnà kan lónìí, tí ẹ rí agbo ilé mẹ́ta tí oríkì wọn kò jọra, tí egúngún wọn kò jọra, tí olúkúlùkù sì ní oyè tirẹ̀ lábẹ́ ọba kan, ẹ mọ̀ pé ogun ló kó wọn pọ̀, àdéhùn ló sì mú wọn dúró. Wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni gbàgbé ibi tó ti wá. Èmi rò pé ọgbọ́n ìṣèlú tó wà nínú ìyẹn ga ju èyí tí à ń kọ́ àwọn ọmọ wa nílé ẹ̀kọ́ lọ.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 1878, Ìlọrin, Ìlá, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì bá Ìbàdàn jà ní Ìkìrun, ìjà tí a mọ̀ sí ogun Jálumi, Ìbàdàn sì borí. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn Èkìtìparapọ̀, àpapọ̀ ọmọ ogun Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn alájọṣe wọn, àti Ìbàdàn dojú kọ ara wọn ní Kírìjì, àwọn Ìgbómìnà sì wà pẹ̀lú Èkìtìparapọ̀. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886, síbẹ̀ àgọ́ ogun kò tú títí di 1893. Ní ìhà tiwa níbí, Ìlọrin àti Ọ̀fà ṣì ń bára wọn fà á. Ní oṣù Kejì ọdún 1897, ilé iṣẹ́ Royal Niger, ilé iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, fi ìbọn ńlá ṣẹ́gun Ìlọrin. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1900, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kéde pé Àríwá ti wà lábẹ́ òun.

Àwọn ènìyàn wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Kì í ṣe lọ́jọ́ kan. Àwọn ọ̀dọ́ ló kọ́kọ́ kọ́ ahéré sí ìsàlẹ̀, lẹ́bàá oko, lẹ́yìn náà ni ahéré di ilé. Àwọn àgbà kọ̀ láti fi ibojì baba wọn sílẹ̀. Ìjọba fẹ́ kí ìlú wà lẹ́bàá ọ̀nà kí ó lè rọrùn láti gba owó orí. Rélùwéè dé Òṣogbo ní 1907, ó gba Ọ̀fà dé Ìlọrin ní 1908, ọjà sì ṣí. Àwọn ìyá ìyá wa ru ẹrù lórí, wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé ibùdókọ̀ ojú irin Ọ̀fà. Ilé ẹ̀kọ́ dé, ṣọ́ọ̀ṣì dé, ilé kéú ti wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà tó gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ náà ló tún kó àwọn ọmọ wọn lọ: sí Èkó, sí Kàdúná, sí Jọ́ọ̀sì, sí Gánà. Nígbà tí ìjọba Busia lé àwọn àlejò kúrò ní Gánà ní ìparí ọdún 1969, ọ̀pọ̀ ọmọ Kwara ló padà sílé pẹ̀lú àpótí kan ṣoṣo. Ìlú kékeré tí wọ́n ti fi sílẹ̀ ló gbà wọ́n. Kò sí ẹni tó bi wọ́n ní ìwé ìgbélùú.

Báwo ni ìlú bẹ́ẹ̀ ṣe rí lónìí? Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ nígbà ọyẹ́, ìkùukùu á bo orí òkè, á wá máa ká kúrò díẹ̀díẹ̀ bí oòrùn ti ń mú. Àwọn ìyá á ti gbé iṣu tí wọ́n bọ̀ lọ sórí àpáta láti sá a kí ó lè di ẹ̀lùbọ́. Àpáta yẹn mọ́ ju sìmẹ́ǹtì lọ, ó máa ń gba ooru mọ́ra, ohun tí wọ́n bá sá sórí rẹ̀ sì máa ń yá gbẹ. Ibi kan náà ni wọ́n ń sá irú àti láfún sí. Olúkúlùkù mọ ibi tó jẹ́ tirẹ̀ lórí àpáta, láìsí pé ẹnikẹ́ni fi ọ̀dà kùn ún, nítorí pé ibẹ̀ ni ìyá ọkọ rẹ̀ ń sá tirẹ̀ sí. Òórùn òrí tí wọ́n ń sè máa ń gba àdúgbò kan. Nínú agbo ilé kan náà, ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ Alhaji, kí àbúrò jẹ́ díákónì. Ẹran Iléyá á wọ ilé àbúrò, ìrẹsì Kérésì á wọ ilé ẹ̀gbọ́n. Bí egúngún Eléwe bá sì jáde, àwọn méjèèjì á bọ́ síta lọ wòran, torí pé ti ilé wọn ni. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn ní ìfaradà. Ọ̀rọ̀ ẹbí ni.

Ẹni tó bá wá láti ìlú ńlá máa ń sọ pé àwọn ènìyàn ibẹ̀ lọ́ra. Wọn kò lọ́ra o. Wọ́n ń kí ènìyàn tán ni. Wọ́n á béèrè ilé, wọ́n á béèrè ọmọ, wọ́n á béèrè iṣẹ́, wọ́n á wá béèrè ẹni tí ẹ tilẹ̀ ti gbàgbé pé ó ń ṣàìsàn. Ẹni tí wọ́n bá kí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ méje, ìlú ti mọ̀ ọ́n. Bí kò bá yọjú lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ, ẹnìkan á lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè sọ̀rọ̀ lórí àlàáfíà ìlú wọ̀nyí kí n má sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì ọdún 2024, àwọn agbébọn wọ ààfin ní Kòrò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ti Kwara, wọ́n sì pa Olúkòrò. Láti ìgbà yẹn, ìròyìn ìjínigbé kò dáwọ́ dúró ní Ìfẹ́lódùn àti agbègbè rẹ̀. Àgbẹ̀ ń bẹ̀rù oko tirẹ̀. Igbó àti òkè tó fi àwọn baba wa pamọ́ ló ń fi àwọn olè pamọ́ báyìí. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí dé egungun. Àwọn ọdẹ àti fijilanté tó ń ṣọ́ ìlú fi ẹ̀mí wọn sínú ewu lálaalẹ́, ọ̀pọ̀ wọn ni ìbọn wọn kò tó ti ọ̀tá. Bí a bá ń ṣe ìpàdé ọmọ ìlú, tí a ń dá owó gbọ̀ngàn, tí a ń dá owó aṣọ ẹgbẹ́, kí a kọ́kọ́ béèrè iye tí a dá fún àwọn tó ń ṣọ́ ọ̀nà oko. Kí a sì béèrè lọ́wọ́ ìjọba, láìtijú, ìdí tí ọ̀nà fi bàjẹ́ débi tí ọkọ̀ ọlọ́pàá kò fi lè tètè dé.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ìtàn òkè kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbafẹ́. Àwọn baba wa mọ orúkọ gbogbo òkè, gbogbo ihò, gbogbo ìsun, gbogbo ọ̀nà àbùjá. Ìmọ̀ yẹn ni wọ́n fi ṣọ́ ara wọn. Lónìí, ọdẹ àgbà díẹ̀ ló kù tó mọ̀ ọ́n, àwọn ọmọ wọn sì ń gun ọ̀kadà ní Èkó. Ahoro ìlú àtijọ́ wà lórí òkè níbẹ̀: ìpìlẹ̀ ilé, ọlọ tí wọ́n ti lò débi tí àárín rẹ̀ fi jìn, ìkòkò tó fọ́, apá odi tó kù, igi osè tàbí igi peregún tó dúró níbi tí ojúbọ wà. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kò sí lórí àwòrán ilẹ̀ kankan. Àwọn tó ń fọ́ òkúta tà ń sún mọ́ àwọn kan. Bí wọ́n bá fọ́ òkè tí ahoro wà lórí rẹ̀, kò sí ìwé tí a máa ṣí láti wò ó, torí pé òkè náà ni ìwé.

Nítorí náà, ìwọ̀nba ohun tí mo ń bẹ̀ yín sí rèé, fóònù tó wà lọ́wọ́ yín sì tó o ṣe. Bí ẹ bá lọ sílé fún Iléyá tàbí Kérésì, ẹ jókòó ti bàbá tàbí ìyá tó dàgbà jù nínú agbo ilé yín, kí ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ má bi wọ́n pé "Kí ni ìtàn ìlú wa?" Ìbéèrè yẹn gbòòrò jù, ìdáhùn tí wọ́n ti máa ń fún gbogbo àlejò ni ẹ ó gbà. Ẹ béèrè orúkọ òkè tó wà lẹ́yìn ilé. Ẹ béèrè ibi tí ìyá wọn ti ń pọnmi. Ẹ béèrè ta ni wọ́n sin sórí òkè, agbo ilé wo ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ta ló kọ̀ tí kò sọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ki oríkì ìdílé yín tán pátápátá, kí ẹ má dá wọn lẹ́kun níbi tí kò bá ti yé yín, nítorí pé orúkọ ìlú àtijọ́ sábà máa ń wà níbẹ̀. Bí ìlú bá fara balẹ̀, tí ọdẹ bá gbà láti mú yín lọ, ẹ gun òkè náà, kí ẹ ya fọ́tò ahoro, kí fóònù sì sàmì sí ojú ibẹ̀. Ẹ má mú ohunkóhun kúrò níbẹ̀, ì báà ṣe àpáàdì kan. Kí ẹ kó ẹ̀dà kan fún ààfin, ẹ̀dà kan fún ilé ìwé ìlú, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan pamọ́ sí ibòmíràn tó jìnnà sí méjèèjì.

Ẹ̀yin olùkọ́ tó wà níbí, ẹ kó àwọn ọmọ yín lọ sí Èsìẹ́ lọ́dún yìí. Wákàtí díẹ̀ ni láti Ìlọrin. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù wọn mú ère kan, kí ó yà á sínú ìwé rẹ̀, irun rẹ̀, ilà ojú rẹ̀, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ṣeun. Mo rí i pé bàbá kan láti Òró-Àgọ́ ti nawọ́ lókè láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀ ajẹ́lẹ̀. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ kàn.